Ọkọ̀ àtijọ́ ní Abidjan: Kí ló dé tí mọ́tò tí wọ́n rà ní pọ́ọ́kú fi ń gbọ́n àpò ẹni gbẹ?

Kò ṣòro láti rí irú rẹ̀ ní Abidjan. Ní ẹ̀yìn ilé kan ní Treichville tàbí Marcory, lábẹ́ igi máńgòrò, Peugeot 504 kan wà níbẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ti tán nínú táyà rẹ̀, tí ewé ti bo gíláàsì iwájú rẹ̀, tí adìyẹ sì ti sọ ìjókòó ẹ̀yìn di ibi ìyéyin.

Ẹni tó ni ín á ní òun kò lò ó mọ́. Ẹni tó ń kọjá lọ á rántí pé irú rẹ̀ ni bàbá òun wà nígbà kan. Wọ́n á dúnàádúrà, wọ́n á sanwó, wọ́n á sì wọ́ mọ́tò náà lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ irú ìtàn yìí ti máa ń dàrú. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n á ti tú ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, wọ́n á ti gé ilẹ̀ mọ́tò kúrò, owó á tán, mẹkáníìkì á sì dojú kọ iṣẹ́ ẹlòmíràn. Níkẹyìn, àwọn tó ń ra àlòkù irin ni yóò wá gbé e, ìwọ̀n kílò ni wọ́n á sì fi rà á.

Ọkọ̀ tó bá lọ báyìí kò rọrùn láti fi òmíràn rọ́pò mọ́. Láti oṣù Keje ọdún 2018, ìjọba Côte d'Ivoire kò fàyè gba ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àlòkù tó bá ti lé ní ọdún 5 láti wọ orílẹ̀-èdè náà. Oṣù Kejìlá ọdún 2017 ni wọ́n fọwọ́ sí àṣẹ náà. Ó fún àwọn bọ́ọ̀sì kékeré ní ọdún 7, ó sì fún ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ní ọdún 10.

Kì í ṣe nítorí àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ ni ìjọba ṣe ṣe òfin yìí. Àwọn tòkunbọ̀ tí ará Abidjan ń pè ní "France au revoir", èéfín wọn àti ìjàm̀bá ojú pópó ló wà lọ́kàn wọn. Àmọ́ ohun tó ti ibẹ̀ yọ ni pé ọkọ̀ ogójì tàbí àádọ́ta ọdún tó ti wà nínú ìlú tẹ́lẹ̀ ni ẹni tó fẹ́ tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe máa gbójú lé. Bó bá ba èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́, kò lè kàn lọ ra òmíràn ní Marseille kó fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wá.

Ìdí nìyí tí ìṣirò owó fi ṣe pàtàkì kí ẹnikẹ́ni tó fi sípánà kan ara mọ́tò.

Mọ́tò tí wọ́n ṣe ní Abidjan

Ìbéèrè kan wà tó ṣáájú ti owó: ọkọ̀ wo gan-an?

Ní àwọn ọdún 1970, wọ́n ṣe ọkọ̀ kékeré kan ní Abidjan tí wọ́n ń pè ní Citroën Baby-Brousse. Ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ Citroën 2CV ló wà lábẹ́ rẹ̀, àmọ́ páànù pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ̀, tí wọ́n sì fi bóòtù dè pọ̀, ni ara rẹ̀. Tapólì ni òrùlé rẹ̀. Ẹni tó bá rí i fún ìgbà àkọ́kọ́ lè rò pé ọmọ ilé ìwé ló fi rúlà yà á.

Ṣùgbọ́n èrò náà dára débi pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Wọ́n ń pè é ní Yagán ní Chile, Dalat ní Vietnam, àti Pony ní ilẹ̀ Gíríìkì.

Ọ̀rọ̀ bóòtù yẹn ló kan owó jù. Páànù tí wọ́n fi bóòtù dè ṣeé tú. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ti jẹrà, wọ́n lè tú u sílẹ̀, kí wọ́n gbé e lé orí páànù tuntun, kí wọ́n fi ya àpẹẹrẹ, kí wọ́n gé e, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n sì dè é padà. Ẹni tó ń fi páànù ṣe àgbá tàbí ilẹ̀kùn ní Adjamé lè ṣe é. Peugeot 504 kò rí bẹ́ẹ̀. Jíjó ni wọ́n jó ara rẹ̀ pọ̀ mọ́ ilẹ̀ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, ibi tí wọ́n bá sì gé nínú rẹ̀ lè mú kí ibòmíràn yẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì 2CV náà kò ní wàhálà púpọ̀. Èyí tó tóbi jù nínú wọn jẹ́ 602cc, sílíńdà méjì ló ní, atẹ́gùn ló sì ń tù ú. Kò ní rèdíétọ̀, kò ní pọ́ọ̀ǹpù omi, kò sí rọ́bà omi tó máa bẹ́ lójú ọ̀nà. Oṣù Keje ọdún 1990 ni wọ́n ṣe 2CV tó gbẹ̀yìn, ní orílẹ̀-èdè Portugal, síbẹ̀ àwọn ilé iṣẹ́ kan ní Faransé ṣì ń ṣe ẹ̀yà ara rẹ̀ ní tuntun di òní, láti orí ṣáàsí dé orí aṣọ ìjókòó.

Ìyẹn ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó lè bàjẹ́ lára rẹ̀ ló ní iye owó tí èèyàn lè kọ sílẹ̀. Ẹni tó bá yan ọkọ̀ tí kò sí ẹni tó ń ṣe ẹ̀yà ara rẹ̀ mọ́ kò lè ṣírò owó kankan. Ó kàn ń retí ni.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ní Abidjan ni 504 ṣì wà lọ́kàn wọn, ó sì nídìí. Ní ọdún 1978, Peugeot 504 Coupé V6 tí Jean-Pierre Nicolas, ọmọ Faransé, wà ló gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje Rallye Côte d'Ivoire. Òótọ́ ni pé kì í ṣe irú 504 tó ń kó èrò lọ sí Bouaké nìyẹn, àmọ́ ta ló ń bèèrè?

Ìpáàrà ló ń jẹ owó

Etí ọ̀sà Ébrié ni Abidjan wà, òkun sì wà níwájú rẹ̀. Òjò máa ń rọ̀ gidi níbẹ̀, pàápàá láàárín oṣù Karùn-ún sí oṣù Keje. Ọ̀rinrin àti iyọ̀ òkun kì í fi irin sílẹ̀, ọkọ̀ tó bá sì ti wà lójú kan fún ọdún mẹ́wàá kò ní ṣàì dógùn-ún níbì kan.

Ohun tó ń mú kí ìpáàrà léwu fún ẹni tó ń ṣírò owó ni pé kì í fi ara rẹ̀ hàn. Lórí 504, ó máa ń sá pamọ́ sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, sí abẹ́ ilẹ̀kùn, sí etí gíláàsì iwájú, àti sí orí ibi tí ṣọkù táyà iwájú dúró lé. Lórí Baby-Brousse àti 2CV, inú ṣáàsí ló máa ń wà. Àpótí irin gígùn tó ṣófo ni ṣáàsí yẹn, inú rẹ̀ lè ti jẹrà kí ìta rẹ̀ ṣì máa dán. Bó bá rẹ̀ ẹ́ pátápátá, ọkọ̀ á tẹ̀ ní àárín, ilẹ̀kùn tàbí bọ́nẹ́ẹ̀tì kò sì ní pa dé dáadáa mọ́.

Ohun èlò tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ mú lọ́wọ́ kò ju mẹ́ta lọ: tọ́ọ̀ṣì, òòfà kékeré àti sikuduráfà. Òòfà kì í lẹ̀ mọ́ pọ́tì, ibi tí kò bá ti lẹ̀, ẹnìkan ti fi pọ́tì dí ihò níbẹ̀ kó tó kùn ún. Sikuduráfà ni wọ́n máa fi gún abẹ́ ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀. Irin tó dára á dún, irin tó ti jẹrà á jẹ́ kí ó wọlé. Ẹni tó ń ta ọkọ̀ lè má fẹ́ kí wọ́n máa gún un. Bó bá ti lẹ̀ bínú jù, ó ti fèsì nìyẹn.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé èèyàn á kọ́kọ́ náwó sórí ẹ́ńjìnnì. Ó yé èèyàn. Ìró ẹ́ńjìnnì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lẹ́yìn ogún ọdún máa ń dùn mọ́ni, wọ́n á pe àwọn ọ̀rẹ́, wọ́n á ya fídíò. Àmọ́ ẹ́ńjìnnì ṣeé gbé sórí tábìlì, wọ́n á ṣí i lọ́jọ́ kan, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á sì mọ ohun tó fẹ́. Ara mọ́tò kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí wẹ́dà bá gé páànù àkọ́kọ́ ni yóò rí èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Nítorí náà, ara àti ṣáàsí ni owó àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ lọ sí. Bí wọ́n bá rí i pé iṣẹ́ ara ju agbára lọ, wọ́n ṣì lè ta ọkọ̀ náà fún ẹlòmíràn pẹ̀lú gbogbo ẹ̀yà rẹ̀. Ẹni tó ti ná gbogbo owó rẹ̀ sórí ẹ́ńjìnnì kò ní àǹfààní yẹn.

Iye tó wà lójú fóònù kọ́ ló máa dé Abidjan

Ẹ̀yà ara tuntun fún àwọn ọkọ̀ Faransé yìí, owó Euro ni wọ́n fi ń tà á. Ẹni tó ń gbé ní Abidjan ní àǹfààní kan níbí tí ará Èkó kò ní. Láti ọdún 1999 tí Euro ti dé ni Euro kan ti jẹ́ 655.957 CFA, kò sì tíì yí padà. Ẹni tó bá kọ ìṣirò sílẹ̀ lónìí lè gbé e yọ lọ́dún tó ń bọ̀ kó ṣì wúlò.

Ní Nàìjíríà, Dọ́là kan jẹ́ nǹkan bíi 460 Naira ní ọjà ìjọba kí oṣù Kẹfà ọdún 2023 tó dé. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì ọdún 2024, ó ti kọjá 1,400. Kò sí ìṣirò ọkọ̀ àtijọ́ tó lè la irú ìyẹn já.

Àwọn àgbà ní Abidjan ṣì rántí ìgbà tí tiwọn náà ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1994, wọ́n gé agbára CFA sí ìdajì: Franc Faransé kan tó jẹ́ 50 CFA tẹ́lẹ̀ di 100. Ohunkóhun tí wọ́n bá ń rà láti Faransé di ìlọ́po méjì lọ́gán.

Síbẹ̀, bí Euro kò tilẹ̀ yí padà, iye tó wà lójú fóònù ṣì ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Ká ní ẹnìkan ra ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní 1,000 Euro, tí owó tí wọ́n fi gbé e wá sì jẹ́ 200 Euro. 1,200 Euro jẹ́ 787,148 CFA. Orí iye yìí, pẹ̀lú owó ọkọ̀ nínú, ni aṣọ́bodè máa ń bẹ̀rẹ̀ láti.

Ètò owó ẹnubodè tí ECOWAS fẹnu kò lé lórí ní ìpele márùn-ún, láti 0 títí dé ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún, ohun tí èèyàn bá kó wọlé ló ń sọ ìpele tó wà. Bí wọ́n bá gba ìdá 10, ó di 865,863 CFA. Lẹ́yìn náà ni owó orí ọjà tí wọ́n ń pè ní TVA, ìdá 18, á gorí gbogbo rẹ̀: 1,021,718 CFA.

Ohun tó jẹ́ 655,957 CFA lójú fóònù ti lé ní mílíọ̀nù kan, a kò tíì sọ̀rọ̀ àwọn owó kéékèèké tí wọ́n ń gbà ní èbúté àti owó ẹni tó bá wọn ṣe ìwé rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ṣe ìṣirò tí kò ní dójú tì í á fi ìdajì kún iye tó rí, ó kéré tán.

Ohun tó dín èyí kù ni kí wọ́n máa kó ohun tí wọ́n fẹ́ pọ̀ kí wọ́n sì gbé e wá lẹ́ẹ̀kan, dípò kí wọ́n máa ra bíréèkì lónìí, kabúrétọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Owó ọkọ̀ àti owó ìwé fún àpótí kékeré mẹ́fà kì í sábà kéré sí ti ńlá kan.

Ọ̀nà Èkó ṣì wà

Fún ẹni tó ni 504, kì í ṣe Faransé nìkan ló lè wò. Láti ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot ti ń to ọkọ̀ pọ̀ ní Kaduna, wọ́n sì ń ṣe 504 níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí wọ́n ti dá a dúró ní Faransé. Ẹ̀yà ara rẹ̀ ṣì wà káàkiri Nàìjíríà, ní ọjà Ládípò ní Mushin àti láwọn ibòmíràn.

Láti Èkó sí Abidjan, ọ̀nà náà gba Cotonou, Lomé àti Accra kọjá, ó lé díẹ̀ ní 1,000 kìlómítà. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó àwọn Yorùbá Abidjan, àwọn ọmọ Ẹ̀jìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní pàtàkì, tí àwọn bàbá wọn ti ń rin ọ̀nà náà láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn. Bọ́ọ̀sì ń gbéra láti Ẹ̀jìgbò lọ tààrà sí Abidjan, kò sì jẹ́ tuntun kí èèyàn ní àbúrò tàbí ìyá ọkọ tó ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Èyí dára fún ọwọ́ ilẹ̀kùn, iná ẹ̀yìn, gíláàsì ẹ̀gbẹ́ àti àmì iwájú. Ó tún dára fún ẹ́ńjìnnì tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ti yẹ̀ wò. Bíréèkì àti ohun tó kan ìdarí ọkọ̀ kò yẹ kí wọ́n gbà á ní àlòkù, ibi yòówù kó ti wá. Ayédèrú pọ̀ lọ́jà, páálí tó dára kò sì túmọ̀ sí pé ohun tó wà nínú rẹ̀ dára.

Báwo ni wọ́n ṣe ń sanwó iṣẹ́?

Owó iṣẹ́ ọwọ́ ní Abidjan kò tó ti Yúróòpù rárá, àǹfààní ńlá sì nìyẹn. Níbi tí ẹnìkan ní Paris ti ń sanwó wẹ́dà ní wákàtí wákàtí, ẹni tó wà ní Koumassi lè dúnàádúrà lórí gbogbo iṣẹ́ náà.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ "ẹ kàn fún wa ní nǹkan ká fi bẹ̀rẹ̀" ti ba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ jẹ́. Kò sí ẹni tó mọ ibi tí "bẹ̀rẹ̀" parí sí. Èyí tó sàn ni kí wọ́n pín iṣẹ́ sí ìpele, kí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé, kí wọ́n sì sanwó ìpele kan nígbà tó bá parí: ilẹ̀ mọ́tò, lẹ́yìn náà ẹ̀gbẹ́, lẹ́yìn náà ilẹ̀kùn. Kí olówó fúnra rẹ̀ ra páànù àti ọ̀dà. Kí ó máa ya fọ́tò gbogbo ibi tí wọ́n bá gé kí wọ́n tó bò ó.

Ohun kéékèèké tí wọ́n bá tú, àwọn bóòtù, ọwọ́ fèrèsé, rọ́bà etí gíláàsì, kò yẹ kó dúró sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Kì í ṣe pé olè ni. Ọmọṣẹ́ mẹ́fà àti mọ́tò mẹ́jọ ló wà nínú ọgbà kan náà, bóòtù kò sì ní orúkọ lára. Ike kékeré pẹ̀lú ìwé tí wọ́n kọ nǹkan sí, nínú yàrá olówó, máa ń gba owó púpọ̀ là.

Ìwé ọkọ̀ kì í gba ọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò kí wọ́n tó san kọ́bọ̀. Ṣé nọ́ńbà tó wà lára ṣáàsí bá ti inú carte grise mu? Bí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé bá ti kú, ta ni àwọn ọmọ rẹ̀ fún láṣẹ láti tà á? Ọkọ̀ tí kò ní ìwé kò ní kọjá àyẹ̀wò SICTA, bó ti wù kó dán tó.

Ká ní mílíọ̀nù 4 CFA ló wà nílẹ̀

Àwọn iye tó tẹ̀lé yìí kì í ṣe iye ọjà. Àpẹẹrẹ bí wọ́n ṣe lè pín owó ni.

Ká ní ọkọ̀ fúnra rẹ̀ gba 500,000. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà ni kí wọ́n yọ 800,000, ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo owó náà, kí wọ́n sì gbàgbé pé ó wà. Ìpáàrà tí kò hàn ló ni ín. Ó ku 2,700,000. Ara àti ṣáàsí á gba 1,100,000 nínú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì àti gíà á gba 500,000. Bíréèkì, ìdarí àti táyà á gba 450,000, wáyà iná 150,000, ìjókòó àti òrùlé inú 200,000, ọ̀dà 300,000.

Bí ara mọ́tò bá jẹ gbogbo owó rẹ̀ tó sì tún fọwọ́ kan 800,000 yẹn, ìjókòó àti ọ̀dà ni wọ́n á sún síwájú. Ọkọ̀ tí wọ́n kùn ní ọ̀dà ìsàlẹ̀ nìkan ṣì lè rìn. Owó bíréèkì kò ṣeé yá.

Ìṣòro kan wà nínú ìṣirò yìí, tí ọ̀pọ̀ kì í rí títí wọ́n á fi wọ inú rẹ̀. Yàtọ̀ sí owó ọkọ̀, 3,500,000 ló kù láti ná. Ẹni tó lè yọ 150,000 sílẹ̀ lóṣooṣù á fi ohun tó lé díẹ̀ ní oṣù mẹ́tàlélógún ná an, èyí tó ń súnmọ́ ọdún méjì. Níbo ni ọkọ̀ náà máa wà? Bí wọ́n bá háyà ibi tó ní òrùlé ní 15,000 lóṣù, 360,000 nìyẹn fún ọdún méjì, kò sì sí níbì kankan nínú ìṣirò náà. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó tí wọ́n yọ sílẹ̀ fún ìpáàrà. Bí wọ́n bá sì fi ọkọ̀ sí ìta nítorí kí wọ́n má baà san án, àkókò òjò méjì ló máa rọ̀ lé irin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé.

Ìdí nìyí tí àwọn kan fi kọ́kọ́ ń kó owó jọ fún ọdún kan kí wọ́n tó ra ọkọ̀ rárá, kí iṣẹ́ ara lè bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá, nígbà tí òjò kékeré ń lọ sílẹ̀, kí wọ́n sì kùn ún kí oṣù Kẹrin tó dé. Nínú ilé tó ní ògiri ni wọ́n á ti kùn ún o, nítorí eruku ọyẹ́ náà máa ń dé Abidjan láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, ọ̀dà tútù ló sì máa ń bà lé.